Bí Ẹni Kan Bá Há Sórí Okùn, Ta Ni Yóò Gbé E Sọ̀ Kalẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Alábòójútó ni mo jẹ́ fún àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà tó ń nu fèrèsé ilé gíga ní Victoria Island, ní Èkó. Ilé alájà mẹ́rìnlá ni a ń nù báyìí, orí okùn ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ tí ọ̀kan nínú wọn fi ń sọ̀ kalẹ̀ há ní àjà kẹsàn-án, ó sì wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó rí i tú fúnra rẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá wa pé kí ni à bá ṣe bí kò bá rí i tú. Ó ní a ó pe àwọn panápaná. Ṣé èsì yìí tó? — Alábòójútó, Èkó.

ÌDÁHÙN: Kò tó, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé kò tó, ìdí nìyẹn tí ẹ fi kọ̀wé. Nọ́ńbà 767 àti 112 wà fún pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe lọ́ra láti pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ìpè kì í ṣe ètò ìdóòlà. Ẹ ro súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Ahmadu Bello Way ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dé kíá, ọ̀pọ̀ àkàbà tó wà lórí ọkọ̀ panápaná ni kì í ga ju nǹkan bíi mítà 30 lọ, àjà kẹsàn-án yín sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí a tó dé orí àjà kẹrìnlá.

Ẹ̀jẹ̀ ni kò jẹ́ kí a lè dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a bá ń rìn, iṣan ẹsẹ̀ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn. Ẹni tó bá so rọ̀ nínú hánẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìgbànú tó di ara mú mọ́ okùn, láì mira, ẹ̀jẹ̀ yóò máa kó jọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tó ń dé ọpọlọ yóò sì máa dín kù, débi pé ó lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ènìyàn bá dákú lórí ilẹ̀, ṣe ni yóò ṣubú gbalaja, ẹ̀jẹ̀ yóò sì padà sí orí. Ṣùgbọ́n hánẹ́ẹ̀sì kò ní jẹ́ kí ó ṣubú, òòró ni yóò gbé e dúró, ibẹ̀ sì ni ikú ti ń wọlé. Ọmọkùnrin yín yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó ń fi ti ògiri bó ti ń bá ẹ̀rọ náà jà ló gbà á. Ẹ kọ́ gbogbo wọn pé ẹni tó bá há kò gbọ́dọ̀ jókòó jẹ́ẹ́: kí ó máa mi ẹsẹ̀, kí ó máa ti ògiri, kí ó sì ní okùn kékeré tí ó lè fi ẹsẹ̀ bọ̀ láti dìde dúró.

Nítorí náà, ètò ìdóòlà gbọ́dọ̀ ti wà lórí òrùlé kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó kúrò ní etí rẹ̀. Okùn méjì ló yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan tó ń gbé e, èkejì tí yóò gbà á bí ti àkọ́kọ́ bá já, ojú ibi tí a so wọ́n mọ́ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í ta okùn ní kókó pa mọ́ irin òrùlé. Wọ́n máa ń fi í gba inú ẹ̀rọ ìsọ̀kalẹ̀ mìíràn tí wọ́n so mọ́ irin náà, wọ́n á ti ẹ̀rọ ọ̀hún pa, wọ́n á sì fi okùn tó pọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni ìsàlẹ̀ bá há tàbí tó dákú, ẹni tó wà lókè yóò rọra ṣí ẹ̀rọ náà, yóò sì máa dẹ okùn títí ẹsẹ̀ onítọ̀hún yóò fi kanlẹ̀, láìsí pé ẹlòmíràn ń sọ̀ lọ bá a, láìsí pé èrò ń fi agbára fà á gòkè. Okùn tó ṣẹ́ kù lókè gbọ́dọ̀ gùn tó gíga ilé náà, èyí ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì máa ń yọ kúrò nítorí pé okùn wọ́n. Kí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é wà lórí òrùlé ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá wà lórí okùn. Kì í ṣe òun ni ẹ ó máa rán lọ ra oúnjẹ.

Nígbà mìíràn, inú ilé ni ìdóòlà ti ń wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, okùn wáyà kan dẹ̀ lára pèpéle tí àwọn méjì dúró lé lórí níta One World Trade Center ní New York, pèpéle náà sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìbámu pẹ̀lú àjà 69. Lẹ́yìn ohun tó lé ní wákàtí kan, àwọn panápaná gé gíláàsì láti inú ilé, wọ́n sì fa àwọn méjèèjì wọlé láàyè. Ẹ lọ bá alábòójútó ilé yín, kí ẹ mọ fèrèsé tó ṣeé ṣí ní àjà kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ibẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá ní ọjọ́ Sátidé tí gbogbo ilẹ̀kùn máa ń wà ní títì.

Ẹ fi àpò iyanrìn tó wúwo bí ènìyàn dán ètò náà wò láti òkè dé ilẹ̀, kí ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú tó gbà. Bí ẹ bá gbé ẹni tó dákú kalẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ gbalaja. Ìmọ̀ràn àtijọ́ pé kí a mú un jókòó ni àjọ tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún gbé yẹ̀ wò ní 2009, wọn kò sì rí ẹ̀rí kankan tó gbè é. Bí kò bá mí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò béèrè: iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun máa ń jẹ irin ní agbègbè yín, ẹ yẹ irin òrùlé wò dáadáa kí ẹ tó fi ẹ̀mí ènìyàn kọ́ ọ.

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi ọkùnrin ń nu fèrèsé ní London, òun nìkan ló ń dá a ṣe, àkàbà ló sì ń gùn. Ó ní nígbà tí òun kì í ti í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni, òfin ètò ìdóòlà kò kan òun. — Ìyá Ìbejì, Peckham.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ó kàn án. Òfin iṣẹ́ ibi gíga tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2005 kan ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ pẹ̀lú, ó sì sọ ọ́ kedere pé ara ètò iṣẹ́ ni ètò pàjáwìrì àti ìdóòlà. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin náà kọ́kọ́ béèrè ni pé, ṣé ó tilẹ̀ pọn dandan kí ó gòkè? Ọ̀pá gígùn wà tí omi ń gba inú rẹ̀ dé orí búrọ́ọ̀ṣì, tí ènìyàn lè fi dúró nílẹ̀ nu fèrèsé àjà kẹta tàbí ìkẹrin. Kí ó ra ọ̀kan. Títí yóò fi rà á, kí ó máa fi àdírẹ́sì ibi tó ń lọ àti wákàtí tó yẹ kó parí ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ sì pè é bí wákàtí náà bá kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé bẹ́líìtì ìdí nìkan kò tó fún ilé alájà mẹ́ta? — Ọmọ iṣẹ́, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Kò tó rárá. Bí o bá já bọ́, ikùn àti ẹ̀yìn rẹ nìkan ni yóò gba gbogbo agbára ìjábọ́ náà, o sì lè yọ́ kúrò nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1998 ni òfin iṣẹ́ ìkọ́lé ní Amẹ́ríkà kò ti gbà á láàyè mọ́ pé kí a fi gba ẹni tó ń já bọ́. Hánẹ́ẹ̀sì tó gba èjìká, àyà àti itan ni kí o wọ̀. Nígbà tí o bá fẹ́ da bẹ́líìtì ìdí tó wà lọ́wọ́ rẹ nù, kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ gé e sí méjì, kí ọmọ iṣẹ́ mìíràn má baà ṣà á wọ̀.