Èsì: Ṣé iná ìkìlọ̀ kan tó fún táńkì mẹ́rin?

Kò tó o, àfi tí ìró ìkìlọ̀ bá lè tún dún fún táńkì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo Apollo 13, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé èèyàn lọ sí òṣùpá ní oṣù kẹrin ọdún 1970: táńkì háídírójìn méjì àti ti ọ́síjìn méjì ló ń lo iná kan náà. Ìfúnpá háídírójìn ti lọ sílẹ̀, iná ti tàn. Nígbà tí ìfúnpá táńkì ọ́síjìn kejì wá kọjá 975 psi (ìwọ̀n ìfúnpá), níbi tó yẹ kí ìró dún, kò dún, torí iná náà ti ń tàn tẹ́lẹ̀ nítorí háídírójìn. Ó gòkè dé 1,008 kó tó já wálẹ̀. Ìkìlọ̀ kékeré ló bo ńlá mọ́lẹ̀!

Ẹ ya ìkìlọ̀ táńkì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí pípa ìró ọ̀kan má baà pa ti èkejì. Ẹ sì dán an wò nígbà tí ìkìlọ̀ kan ṣì ń tàn, torí ìdánwò ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní fi àbùkù yìí hàn.