Ẹ Bi Wá: Ẹsẹ̀ Tó Rọ́ Lẹ́yìn Odi

Lẹ́tà mẹ́rin tó dé ọ́fíìsì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù yìí ló jọra: ẹni tó wà lájò, tàbí tó ń múra àjò, tí ara ń dùn, tí kò sì fẹ́ dúró. Àwọn tó mọ̀ nípa ìtọ́jú eegun àti iṣan ló bá wa dá wọn lóhùn.

Màámi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá mi wẹ àwọn ìbejì ní Manchester. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí wọ́n ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn, tí ẹsẹ̀ òsì yí sínú. Ẹ̀gbẹ́ òde ọrùn ẹsẹ̀ wú, wọ́n ń tiro. Mo ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ títí wọn yóò fi padà, ọjọ́ 21 ló kù. Wọ́n ní àwọn kò wá jókòó sí ìlú Òyìnbó. Tàárọ̀ talẹ́ ni wọ́n ń fi omi gbígbóná àti òrí ra á. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rù owó ọsibítù sì ń bà wá. — Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ bá wa kí Màmá kú ìrọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá eegun ló ṣẹ́ tàbí iṣan ló nà. Ẹ ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń tiro. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tẹ kókósẹ̀ méjèèjì, ti òde àti ti inú. Ẹ̀yìn eegun náà ni kí ẹ tẹ̀, láti ṣóńṣó rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ sókè ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 6, kì í ṣe ibi rírọ̀ tó wú níwájú rẹ̀. Ẹ tún tẹ eegun tó yọ ní agbedeméjì ẹ̀gbẹ́ òde ẹsẹ̀, lọ́wọ́ ibi tí ọmọ ìka tó kéré jù wà, àti èyí tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, níwájú kókósẹ̀. Bí eegun kan bá dùn wọ́n nínú wọn, tàbí tí wọn kò lè gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin yẹn, kí wọ́n lọ ya X-ray lónìí. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú, kò gbọdọ̀ gbọ́kàn lé àyẹ̀wò yìí, nítorí ó lè ṣẹ́ kó má mọ̀.

Ní ti owó, ẹ fọkàn balẹ̀. Ní England, ìtọ́jú pàjáwìrì ní A&E tàbí ní ibùdó ìtọ́jú ìpalára kéékèèké kì í gba owó lọ́wọ́ àlejò, títí kan X-ray tí wọ́n bá yà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá dá Màmá dúró sí wọ́ọ̀dù, tàbí tí wọ́n ní kí wọ́n padà wá rí dókítà àgbà lọ́jọ́ mìíràn, ni owó ń bẹ̀rẹ̀, kò sì kéré. Ẹ pe 111, ọ̀fẹ́ ni, wọn á sọ ibi tó sún mọ́ yín. Bí wọ́n bá ní ìwé adójútòfò, ẹ pe ilé iṣẹ́ náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Omi gbígbóná yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà fọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jò láti ibi tí iṣan ti ya. Ooru ń la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ náà, ọwọ́ tó ń rà á sì ń tú ohun tó ti fẹ́ máa so pọ̀. Òrí kò jẹ̀bi o, ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ ló jẹ̀bi. Ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró títí ibẹ̀ kò fi ní gbóná mọ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án.

Dípò rẹ̀, ẹ mú àpò ẹ̀fọ́ dídì kan nínú firísà, ẹ wé e sínú tówẹ́ẹ̀lì tó rin díẹ̀, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Kó má kan ara ní ìhòòhò, nítorí yìnyín máa ń jó ara bí iná. (Ẹni tó bá jẹ́ SS kò gbọdọ̀ ṣe èyí, òtútù lè gbé kíráísì dìde.) Bí wọ́n bá jókòó, kí ẹsẹ̀ wà lórí àga. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, ìrọ̀rí méjì sábẹ́ ojúgun, kí ẹsẹ̀ ga ju àyà lọ. Báńdéèjì tó ń fà ni kí ẹ rà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọmọ ìka, ẹ máa wé e gòkè, kí ìlà kan bo ìdajì èyí tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ èékánná kan títí yóò fi funfun, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ti le jù, ẹ tú u. Ẹ tú u lálẹ́ bákan náà.

Fún ìrora, paracetamol 500 mg méjì lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó wákàtí mẹ́rin ó kéré tán kí wọ́n tó tún lo òmíràn, kí ó má ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ibuprofen kọ́ o: ó máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́ fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Wàyí o, ẹ̀yin tí ẹ ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ àti Màmá tó ní àwọn kò ní jókòó, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣì í. Ẹsẹ̀ tí a gbé sórí ìrọ̀rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á gan, iṣan ojúgun á sì gbẹ. Èyí tí a ń lò bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é á máa wú títí wọ́n á fi wọ bàálù. Ẹ fi nọ́ńbà díwọ̀n ìrora, láti òdo dé mẹ́wàá. Kí wọ́n máa rìn nínú ilé ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn wákàtí méjì méjì. Bí ìrora kò bá kọjá mẹ́ta, tí ti àárọ̀ ọjọ́ kejì kò sì ju ti àárọ̀ àná lọ, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì kún un. Bí ó bá jù ú lọ, tàbí tí ẹsẹ̀ tún wú sí i, ẹ padà sí ìwọ̀n ti ìjẹta. Ìrora àárọ̀ ni ẹ máa tẹ̀ lé. Ti alẹ́ máa ń purọ́, nítorí gbogbo ara ló ti rẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀pá ìtìlẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni kó wà, torí ẹsẹ̀ òsì ló ń dùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń dùn, ara á wá fì sí ẹsẹ̀ tí a fẹ́ gbà là. Kí orí ọ̀pá náà bá ọrùn ọwọ́ dọ́gba tí wọ́n bá dúró, tí apá wà nílẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dára ló ń kọ́kọ́ gòkè, èyí tó ń dùn ló ń kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀.

Wọ́n ṣì lè wẹ ọmọ. Kí ìyá àgbà na ẹsẹ̀ kó tẹ́ ọmọ lé e kò pa ọrùn ẹsẹ̀ lára. Dídìde lórí àpótí kúkúrú, pẹ̀lú ilẹ̀ tó tutù fún omi àti ọṣẹ, ni ewu wà. Ẹ gbé àga tó ga fún wọn, kí ẹnìkan gba ọmọ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó dìde. Àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi lè fi ẹsẹ̀ òsì nìkan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láìdi nǹkan kan mú.

Eré ẹsẹ̀ wà. Láti òní, kí wọ́n máa fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ A, B, D títí dé Y nínú afẹ́fẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n di síńkì mú, kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ sókè nígbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn ni fífi ẹsẹ̀ kan dúró, ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má fo èyí tó kẹ́yìn yìí: inú iṣan tó ya náà ni ohun tó ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ẹsẹ̀ wà ń gbé. Bí a kò bá tún un kọ́, ẹsẹ̀ kan náà ló tún máa yí. Iṣan tó kàn nà lásán lè jẹ́ kí wọ́n rìn dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Èyí tó ya díẹ̀ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìpàdé ọjọ́ mẹ́wàá ni mo wá ṣe ní Hamburg, ní Jámánì. Kókósẹ̀ mi sán, wọ́n fi POP sí i lánàá. Ọ̀la ni bàálù mi, físà mi á sì parí lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Ọ̀yọ́ ni mo ń padà sí. — Olùkọ́

Ẹ sún un síwájú. Fún ìrìn àjò tó ju wákàtí méjì lọ, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ń béèrè pé kí POP ti pé wákàtí 48. Ẹsẹ̀ ṣì ń wú lásìkò yìí, bí POP bá sì le mọ́ ọn lókè lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó máa là á. Bí ẹ kò bá lè dúró, kí dókítà la POP náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó sì fi báńdéèjì wé e.

Ní ti físà, ẹ má jẹ́ kó parí kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ọ́fíìsì àwọn àjèjì ní ìlú yẹn lè fi ọjọ́ kún físà Schengen fún ẹni tí àìsàn dá dúró lójijì. Ẹ mú lẹ́tà dókítà dání. Ìwé adójútòfò tí wọ́n ní kí ẹ rà kí wọ́n tó fún yín ní físà, èyí tó gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò, irú ọjọ́ yìí ló wà fún.

Ẹ bi dókítà nípa abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí POP wà lẹ́sẹ̀ ní Jámánì. Kí ẹ mọ ọjọ́ tó yẹ kí ẹ gbà á dé, kí ẹ gba iye tó máa tó yín dé ilé, kí ẹ sì gba àwòrán X-ray yín sórí CD. Ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò ni kí ẹ ti sọ fún ilé iṣẹ́ bàálù pé ẹ nílò wíìṣíà. Ẹ mú àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ máa jú ọmọ ìka ẹsẹ̀ ní ogún ìgbà.

Ohun tí àwọn èèyàn ń gbàgbé ni ọ̀nà láti Èkó dé Ọ̀yọ́. Jíjókòó nínú ọkọ̀ lẹ́yìn jíjókòó nínú bàálù, ara kan náà ló ń jẹ ẹ́. Ẹ dúró ní Ìbàdàn, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fi ọ̀pá abẹ́ apá rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àtẹ́lẹwọ́ ni kó gbé ara yín, kí àlàfo ìka méjì wà lábẹ́ abíyá, àìṣe bẹ́ẹ̀ ọwọ́ á kú. Bí ojúgun kan bá wú tó sì ń gbóná, tàbí tí èémí ń há, ọsibítù ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó ti wù kí ilé sún mọ́ tó.

Kumasi, ní Ghana, ni mo ti ń ta aṣọ. Mo yọ̀ ṣubú, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbalẹ̀. X-ray ní kò ṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé, ìdí àtàǹpàkò ṣì ń dùn. Ẹnìkan ń bá mi fà á. Mo fẹ́ di ẹrù kí n máa bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. — Ìyá Aláṣọ

Ẹ ní kó má fà á mọ́. Ẹ gbé àtàǹpàkò sókè, ẹ wo kòtò kékeré tó yọ ní ìdí rẹ̀. Bí ó bá dùn tí ẹ bá tẹ inú kòtò yẹn, ẹ tún X-ray yà láàárín ọjọ́ kẹwàá sí ìkẹrìnlá. Eegun kékeré kan wà níbẹ̀ tí sísán rẹ̀ kì í sábà hàn nínú àwòrán àkọ́kọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ̀jẹ̀ fi ń dé ìdajì rẹ̀, bí a bá sì ń fà á, ìdajì yẹn lè kú, ọrùn ọwọ́ á wá máa dùn títí ayé. Títí dìgbà náà, ẹ de ọwọ́ náà mọ́ ohun tó le, kí àtàǹpàkò wà nínú rẹ̀.

ECOWAS fún wa ní ọjọ́ 90 láìsí físà, ẹ má sáré. Nígbà tí ẹ bá sì ń bọ̀, ẹ rántí pé ní ẹnubodè mẹ́ta, Aflao, Hilla-Condji àti Sẹ̀mẹ̀, ni ẹ ó ti sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Ẹ san owó alábàárù.

Bàbá mi, ẹni ọdún 70, ń lọ ṣe Umrah. Orúnkún ń dùn wọ́n, kẹ́míìsì fún wọn ní tramadol. Ṣé wọ́n lè gbé e lọ? — Ọmọ Alhaji, Ọ̀yọ́

Rárá. Oògùn tí òfin ń ṣọ́ ni tramadol ní Saudi Arabia. Ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ìwé dókítà àti ìyọ̀ǹda lè sùn sátìmọ́lé. Ó tún máa ń jẹ́ kí òòyì kọ́ àgbàlagbà, wọ́n á sì ṣubú. Paracetamol ti tó. Bí orúnkún náà bá wú tó sì gbóná, tàbí tí ibà wà pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n rí dókítà kí wọ́n tó kúrò nílé.

Ìrìn méje láàárín Safa àti Marwa, òkè kékeré méjì ní Mẹ́kà, tó bíi kìlómítà 3 lórí ilẹ̀ líle. Wọ́n lè fi wíìṣíà ṣe é, àti Tawaf náà, ìyẹn yíyí Káábà po. Orúkọ tí à ń pè é nílé, kẹ̀kẹ́ arọ, ló ń jẹ́ kí àwọn bàbá sá fún un. Ẹ bá ààfáà wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó lè fúnra rẹ̀ sọ fún wọn pé kò dín ìjọsìn kù. Kí ẹ tó de báàgì wọn, ẹ tú u wò: ẹlòmíràn lè ti fi oògùn tirẹ̀ sí i.