Alias kì í bá ẹ wọnú script

Àbúrò, o ní àṣẹ kan náà lò ń tẹ̀ sínú bash (shell, ìyẹn ètò tó ń gba àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà) láàárọ̀ lálẹ́ títí ìka fi ń ro ẹ́, o wá bèèrè bóyá alias (orúkọ kúkúrú tó dúró fún àṣẹ) ló yẹ ẹ́ àbí script (fáìlì tá a to àṣẹ sí kí bash lè kà á). Èyí tó bá jẹ́ ìlà kan tí kì í yí padà, sọ ọ́ di alias nínú ~/.bashrc, fáìlì tí bash máa ń kà tó o bá ṣí i. Tó bá máa ń gba orúkọ fáìlì láàárín, function (àṣẹ tó o fúnra ẹ ṣe, tó o sì fún lórúkọ) ni kó o fi ṣe, torí alias ò mọ $1, ìyẹn ohun àkọ́kọ́ tó o bá kọ tẹ̀ lé orúkọ àṣẹ. Tó bá ti gùn ju ìyẹn lọ, kọ script. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tó ti jẹ mí lówó ni kó o gbọ́. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ni mo ní ní Ìjẹ̀bú-Òde. Tí wọ́n bá ti ṣe Ojúde Ọba tán lọ́jọ́ kẹta Iléyá, kò sí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ní sùúrù: kíá ni wọ́n ń fẹ́ fọ́tò wọn. Mo wá kọ script tó ń sọ fọ́tò di kékeré fún WhatsApp sínú fódà kan tó ń jẹ́ "Ojude Oba", tí mo bá ti fi wọ́n ránṣẹ́ tán, á pa fódà ọ̀hún rẹ́. Ìlà tó ṣe mí léṣe rèé:

rm -r $folda

rm -r ló ń pa fódà rẹ́, $folda ló sì dúró fún orúkọ fódà yẹn. Mi ò fi àmì àyọlò sí i, àlàfo sì wà láàárín orúkọ náà. Orúkọ méjì ni shell rí: Ojude àti Oba. rm ní òun ò rí Ojude. Ó rí Oba ní tiẹ̀, ó sì pa á rẹ́, fódà tí mo kó ojúlówó fọ́tò sí! Àwọn kékeré tí mo fẹ́ pa gan-an ló jókòó síbẹ̀, wọn ò sì ṣeé tẹ̀ sára férémù ńlá. Mo dá owó oníbàárà padà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ní alias rm='rm -i', kí rm máa kọ́kọ́ bi mí kó tó pa nǹkan, mo gbójú lé e. Ibi tá a ti ń fọwọ́ tẹ àṣẹ nìyẹn ti ń ṣiṣẹ́. Tí bash bá ń ka script, kì í wò ó rárá. (Tó o bá tún wá lo -f, tó ní kó má bèèrè, lẹ́yìn -i, -f ló máa borí.)

Torí náà, "$folda" ni kó o máa kọ. Fi echo, tó kàn ń tẹ ọ̀rọ̀ jáde, síwájú rm nígbà àkọ́kọ́, kó o rí ohun tó fẹ́ pa. ShellCheck, ètò tó ń yẹ script wò, náà ì bá ti kìlọ̀ fún mi, SC2086 ló ń pe àṣìṣe yẹn. Èmi ò tiẹ̀ lo rm nínú script mọ́: mv ni mo fi ń kó wọn lọ sí fódà ìdọ̀tí, ọjọ́ Sunday ni mò ń fọwọ́ ara mi dà á nù.