Mọ́tò rìmóòtù tó fò jáde lójú pápá: ibo ló yẹ kí àwọn òǹwòran dúró sí?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Àwa bíi méjìlá la máa ń pàdé lópin ọ̀sẹ̀ láti fi mọ́tò rìmóòtù díje lórí pápá oníyẹ̀pẹ̀ kan tí a fúnra wa gbẹ́. Mọ́tò oníná ló pọ̀ jù níbẹ̀, mẹ́ta ń lo epo nítrò. Àwọn ọmọ wa máa ń tẹ̀ lé wa wá wòran. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́tò kan fò kọjá páìpù tí a fi pààlà ọ̀nà, ó gbá ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní kókósẹ̀. Ó ṣì ń tiro títí di òní. Àwọn kan ní ká ta okùn yí pápá ká, àwọn kan ní ká dín eré mọ́tò kù. Èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe? Ṣé a sì lè jẹ́ kí àwọn ọmọ máa bá wa gbé mọ́tò tó bá dojú dé?

ÌDÁHÙN

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi kí ọmọ náà àtàwọn òbí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá ṣì ń tiro lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe òróró ìpara. Pàápàá, bí kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin láìdi nǹkan mú, tàbí tó ń ké bí ẹ bá tẹ eegun kókósẹ̀ rẹ̀, àfi kí wọ́n ya fọ́tò eegun náà. Eegun ọmọdé ṣì ń dàgbà, ibi tó ti ń gùn gan-an ni kò lágbára, ó sì lè sán níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ náà wọ́. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nípa ohun tí ẹ bi mí: nínú okùn àti dídín eré kù, kò sí èyí tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ibi tí àwọn èèyàn ń dúró sí ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń darí ìdíje mọ́tò rìmóòtù, tí mo sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ yẹ pápá wọn wò. Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi ní gbogbo kọ́nà: bí mọ́tò bá kọ̀ tí kò gbọ́ràn mọ́ níbí yìí, ibo ló ń lọ, ta ló sì wà níbẹ̀? Bí ìdáhùn bá ti lè jẹ́ pé ọmọ kan wà níbẹ̀, a ò tíì lè tan mọ́tò kankan.

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń fojú ohun ìṣeré wo àwọn mọ́tò yìí torí pé wọ́n kéré. Mọ́tò oníná tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́tò gidi, èyí tí wọ́n ń kọ ní 1/10, máa ń wúwo tó kílò kan ààbọ̀. Ti nítrò oníwọ̀n 1/8 máa ń lé ní kílò mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó wúwo tó kílò 3.5, tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, eré tí kò nira fún un rárá. Bó ṣe máa gbá èèyàn kò yàtọ̀ sí kí ẹ gbé e gun òkè mítà 14, bí orí òrùlé ilé alájà mẹ́rin, kí ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀ kó já lé ẹsẹ̀ èèyàn. Bí ẹ bá dín eré náà kù sí kìlómítà 30, agbára tó fi ń gbá nǹkan á kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Nítorí náà, àwọn tó ní kí ẹ dín eré kù kò jìnnà sí òótọ́. Rìmóòtù púpọ̀ ló ní ibi tí ẹ ti lè pààlà fún bí mọ́tò ṣe máa sá tó, ó sì yẹ kí ẹ máa lò ó fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn ṣì lè fọ́ kókósẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ sọ nǹkan kan tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì: mọ́tò náà fò kọjá páìpù. Páìpù roboto tí ilẹ̀ gbé ìdajì rẹ̀ mì máa ń ṣe bí òkè kékeré. Bí táyà bá fi eré kọ lù ú, kì í dá a dúró, ńṣe ni táyà ń gùn ún. Mo ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú páìpù bẹ́ẹ̀ rí, mo rí ipa táyà dúdú lára rẹ̀: ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè wá, ó parí sí téńté orí páìpù, lẹ́yìn ìyẹn kò sí ipa kankan nílẹ̀ fún bíi mítà mẹ́ta. Ẹ lọ wo tiyín, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ibi tó ti gbéra. Páìpù dára láti fi han awakọ̀ ibi tí ọ̀nà gbà. Ààbò èèyàn kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń gba èèyàn là ni pákó tó dúró ṣánṣán, tó ga tó orúnkún, tí wọ́n fi igi tì lẹ́yìn, kí nẹ́ẹ̀tì tó ga ju èèyàn lọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí nẹ́ẹ̀tì náà dẹ̀ díẹ̀ kó lè gba mọ́tò mọ́ra, kí ẹnikẹ́ni má sì fara tì í, torí ohun tó dẹ̀ máa ń sún sẹ́yìn kó tó dá nǹkan dúró. Okùn tí àwọn kan dábàá lè sọ fún èèyàn pé kó má kọjá. Kò lè sọ ọ́ fún mọ́tò.

Kí ẹ tó ra pákó kan ṣoṣo, iṣẹ́ kan wà tí kò gba owó. Ẹ fẹsẹ̀ rin pápá náà bí mọ́tò ṣe ń rìn ín. Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró, kí ẹ na ọwọ́ síbi tí mọ́tò ì bá gbà ká ní kò yà. Ibi tó sábà máa ń burú jù ni ìparí ibi tí ọ̀nà ti nà gbọọrọ, nítorí ibẹ̀ ni bíréèkì ti ń kọ̀, lẹ́yìn náà ni iwájú òkè tí mọ́tò ń fò. Gbogbo ibi tí ọwọ́ yín bá tọ́ka sí, kò gbọdọ̀ sí òǹwòran níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí tábìlì tí ẹ ti ń tún mọ́tò ṣe. Òkè ìfò tó bá dojú kọ àwọn èèyàn, ẹ wó o, kí ẹ tún un mọ kó dojú kọ ibi tó ṣófo. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Ẹ̀yìn pèpéle tí àwọn awakọ̀ ń dúró sí ló dára jù fún òǹwòran, bí ẹ bá ti kọ́ pèpéle náà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí mọ́tò ti ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn, kì í ṣe ibi tó ti ń bọ̀ wá bá èèyàn. Àwọn ẹgbẹ́ bíi EFRA ní Yúróòpù àti ROAR ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n wà lábẹ́ IFMAR, àjọ tó ń darí eré yìí káàkiri àgbáyé, ní ìwé òfin tí ẹ lè rí kà. Kò di dandan kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀, àmọ́ ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa bí pápá ṣe yẹ kó rí máa wúlò fún yín.

Ẹ̀yin tó ń dúró sí kọ́nà láti gbé mọ́tò, tí wọ́n ń pè ní marshal, ẹ̀yin ló wà nínú ewu jù lọ ní pápá, nítorí ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú pákó pẹ̀lú mọ́tò. Nígbà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ gbé mọ́tò tó dojú dé, ó rí i pé táyà kan ti fẹ́ yọ, ló bá ń gbìyànjú láti fọwọ́ tì í padà. Ó ti kọ ẹ̀yìn síbi tí àwọn yòókù ti ń bọ̀. Mo pariwo láti orí pèpéle, kò gbọ́. Mọ́tò mẹ́ta rí àyè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin kò rí i. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti máa ń tẹnu mọ́ ọn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀: ẹ yí mọ́tò padà sórí táyà, kí ẹ kúrò níbẹ̀. Èyí tó bá bàjẹ́, ẹ gbé e síta pápá, olówó rẹ̀ á tún un ṣe. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí: ibi tí mọ́tò ti ń bọ̀ lẹ ó kọ́kọ́ wò kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, bí àyè ò bá sì sí, kí mọ́tò yẹn sùn síbẹ̀. Kò sí ìdíje tó tó ẹsẹ̀ èèyàn. Bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, pẹ̀lú àwọ̀lékè tó ń tàn yòò kí awakọ̀ lè rí yín. Kí fóònù wà nínú àpò. Ẹni tó máa gbé mọ́tò nítrò gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, torí orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń gbóná ju omi tó ń hó lọ.

Ẹ yẹ rìmóòtù wò pẹ̀lú. Mọ́tò tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan máa ń gba mítà 16 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí ìsopọ̀ òun àti rìmóòtù bá já, failsafe ni kó dá a dúró, ìyẹn ètò tí wọ́n ti fi sínú ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ nínú mọ́tò. Ẹ gbé mọ́tò sórí nǹkan kí táyà rẹ̀ má kan ilẹ̀, ẹ fi rìmóòtù mú kí táyà máa yí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá pa rìmóòtù. Bí táyà ò bá dúró, mọ́tò yẹn ò wọ pápá lónìí, tẹni yòówù kó jẹ́. Ti nítrò gbọ́dọ̀ ní spring tó ń fa ẹnu epo padé, nítorí bí bátìrì inú rẹ̀ bá kú pátápátá, failsafe náà á kú pẹ̀lú rẹ̀. Rìmóòtù lẹ ó kọ́kọ́ tàn kí ẹ tó tan mọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ pa wọ́n, mọ́tò ni kó ṣáájú.

Bátìrì LiPo, irú èyí tí ọ̀pọ̀ mọ́tò oníná ń lò, ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òǹwòran. Mo rántí ọ̀kan tó wà nínú mọ́tò tó forí sọ pákó. Ike tó bò ó kò sán, olówó rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, ó gbé e sórí tábìlì láàárín àwọn irinṣẹ́. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, òórùn dídùn kan, bí òórùn kẹ́míkà tó ń pa ìkunkùn èékánná rẹ́, gba ibẹ̀ kan. Kí a tó mọ ibi tó ti ń wá, èéfín ti bẹ̀rẹ̀, iná tẹ̀ lé e. Láti ìgbà yẹn, bátìrì tó bá ti kọ lu nǹkan gidi tàbí tó wú, ìta ló ń lọ, sínú garawa iyanrìn, jìnnà sí epo nítrò. Bí ó bá gbiná, ẹ kó èèyàn kúrò níbi tí atẹ́gùn ń gbé èéfín náà lọ, torí májèlé ni, kí ẹ sì bomi púpọ̀ sí i láti òkèèrè kó lè tutù.

Ní ti gbígba iná, ṣájà tó ń mú kí iná dọ́gba nínú àwọn ẹyọ inú bátìrì (cell) ni kí ẹ lò. Volt 4.2 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dé, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Bátìrì tí wọ́n kọ 5000 mAh sí lára, ìyẹn bí iná tó lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó, kò sì gbọdọ̀ gba iná ju ampere 5 lọ, àfi tí wọ́n bá kọ ohun mìíràn sí i lára. Kí ẹnì kan jókòó tì í títí tó fi kún. Mo ti gbọ́ "mo kàn lọ wo ìdíje kan ni" lẹ́nu àwọn tí tábìlì wọn jóná.

Epo nítrò ní methanol nínú, irú ọtí kan tí kì í ṣe mímu, iná methanol kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn lójú oòrùn. Bí ẹni tó ń rọ epo bá ń gbọn ọwọ́ tí ẹ ò rí nǹkan kan, iná ni, ẹ sáré bomi sí i. Májèlé tún ni epo náà bí èèyàn bá mu ún, nítorí náà kò gbọdọ̀ wà nínú ike omi mímu láé, pàápàá níbi tí ọmọ wà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Èmi kì í fi ẹni tí kò tíì pé ọdún 14 sí kọ́nà bí mọ́tò nítrò bá ń sá. Ọmọ tó gbọ́n lè ṣàṣìṣe níbẹ̀, torí bí bàbá rẹ̀ bá pariwo pé kó sáré gbé mọ́tò òun, sísá ló máa sá, kò ní wo ẹ̀yìn. Ẹ fún wọn ní ìwé àti bírò lórí pèpéle, kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan yí pápá po. Èyí tó bá kà á láìṣì fún ìdíje mẹ́ta ti fi hàn pé ojú òun lè tẹ̀ lé mọ́tò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú rẹ̀ ni mo máa ń mú dúró tì mí, lẹ́yìn pákó, ní kọ́nà tí eré ti rọ̀ jù, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń sá mọ́tò oníná. Á máa sọ fún mi èyí tó ń bọ̀, èmi á máa gbé e.