Òpin ọ̀sẹ̀ ní erékùṣù pẹ̀lú Màmá àti àwọn ọmọ: ibo la lè lọ?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́. Pàkátà ní Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, Houston ni mò ń gbé báyìí pẹ̀lú ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta. Èyí àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbíkẹ́yìn ṣì jẹ́ mẹ́rin. Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa láti Ìlọrin, wọn ó sì padà sílé kí oṣù Kẹrin tó parí. Àwọn ọmọ ò jẹ́ kí n sinmi: wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sí erékùṣù bí àwọn ẹgbẹ́ wọn níléèwé ṣe ń lọ, àti pé Màmá àgbà gbọ́dọ̀ bá àwọn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọkọ mi rí gbà níbi iṣẹ́, Friday sí Sunday. Mo ti ń wo Bahamas àti Jamaica, àmọ́ físà àwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fún Màmá, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Ohun tí kò bá jẹ́ halal, wọn kì í fi kan ẹnu. Ta ló ti mú ìyá lọ sí irú ibẹ̀ rí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Pàkátà, Houston

ÌDÁHÙN

Ọmọ Pàkátà, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ pa Bahamas àti Jamaica tì pátápátá. Láti oṣù Keje ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ̀pọ̀ físà àbẹ̀wò ọmọ Nàìjíríà di àwọlé ẹ̀ẹ̀kan, olóṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ fún Màmá ní pápákọ̀ òfurufú ni ti wọn ti ṣiṣẹ́ tán. Bí wọ́n bá jáde lọ sí Nassau, olú ìlú Bahamas, ibẹ̀ ni wọn ó ti máa lọ sí Ìlọrin, ẹ̀yin ó sì wá ẹni tí yóò bá yín kó àpótí wọn lọ.

Erékùṣù tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wá. Àwọn Virgin Islands ti Amẹ́ríkà dára, àmọ́ bí ẹ bá ń padà bọ̀ láti ibẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè kí ẹ tó wọ bàálù. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa da ìbéèrè bo ìyá àgbà? Puerto Rico ni kí ẹ lọ. Láti Houston sí San Juan, olú ìlú rẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń lọ sí ìpínlẹ̀ míì ni: kò sí òǹtẹ̀, kò sí fọ́ọ̀mù, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ bí ẹ bá rí bàálù tó lọ tààrà. Síbẹ̀, kí páásípọ́ọ̀tù Màmá àti ìwé I-94 wọn (èyí tó ń sọ ọjọ́ tí wọ́n wọlé àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ jáde) wà nínú báàgì ọwọ́ yín.

San Juan kọ́ ni kí ẹ sùn o. Ìlú ńlá ni, Houston náà sì jẹ́ ìlú ńlá. Ẹ kọjá sí Vieques, erékùṣù kékeré tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó bíi máìlì 20, fífẹ̀ rẹ̀ ò sì ju mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Ibẹ̀ la mú ìyá mi lọ nígbà tí wọ́n wá kí wa láti Òmù-Àrán, orúnkún tiwọn náà kì í sì í ṣe orúnkún ọmọdé mọ́.

Ọkọ̀ ojú omi wà láti Ceiba, ìlú kan létí òkun Puerto Rico, dọ́là méjì péré lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó yẹn ló ń tan èèyàn. Láti San Juan dé Ceiba ju wákàtí kan lọ nínú mọ́tò, àwọn ọmọ erékùṣù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wọlé (bó sì ṣe yẹ nìyẹn, ọjà àti ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ), tíkẹ́ẹ̀tì òpin ọ̀sẹ̀ sì tètè máa ń tán. Ìyá tí orúnkún ń dùn, lórí ìlà, nínú oòrùn? Rárá o. Ẹ wọ bàálù kékeré láti San Juan, kò gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ kí ọkọ yín dúró lẹ́yìn Màmá bí wọ́n bá ń gùn ún. Ẹ sì tètè sọ fún wọn pé wọ́n máa ń wọn èrò pẹ̀lú ẹrù kí bàálù má baà wúwo jù. Ìyá mi gun òṣùwọ̀n tán, wọ́n yíjú sí ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé iṣu ni mo dà lójú ẹ ni?" Ọmọbìnrin náà ò gbọ́, ó ṣáà ń rẹ́rìn-ín.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá, ẹ kọ́kọ́ wá mọ́tò tí ẹ ó yá lórí erékùṣù náà. Wọn ò pọ̀, èyí tí ẹ bá sì yá ní San Juan kò lè bá yín sọdá. Àwọn ẹṣin ń rìn ká ibẹ̀ fàlàlà, wọ́n ń dúró sáàárín títì bí màlúù ojú ọ̀nà Bódè-Sáàdú, nítorí náà kí ọkọ yín rọra wà á, pàápàá lálẹ́. Ilé tó ní ilé ìdáná ni kí ẹ gbà, kó má sì ní àtẹ̀gùn. Apá gúúsù, ní abúlé Esperanza, ni kí ẹ wá a sí, torí Sun Bay wà nítòsí. Etíkun yìí tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùpá àjẹkù, omi rẹ̀ sì máa ń rọlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ má retí pé ẹnì kan ń bá yín ṣọ́ ọmọ o. Kí ẹnì kan di àbíkẹ́yìn mú ní gbogbo ìgbà tó bá wà nínú omi.

Ní ti oúnjẹ, ojú Màmá máa kọ́kọ́ mọ́lẹ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, gbágùúdá, ẹja, ìrẹsì tí wọ́n fi òtílí sè. Òtílí gan-an! Àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi sínú ìrẹsì olótílí yẹn, mofongo tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín gún náà sì sábà máa ń ní awọ ẹlẹ́dẹ̀ nínú. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní "sin cerdo", ìyẹn "láìsí ẹran ẹlẹ́dẹ̀" lédè Sípáníìṣì, kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹja tútù tí wọ́n dín lódindi ló dára jù, àmọ́ ẹ béèrè òróró tí wọ́n fi dín in. Ata wọn ò ta. Ẹ gbé ata gígún, gààrí àti oúnjẹ àárọ̀ Màmá dání láti Houston, torí ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ kéré, ọjà sì wọ́n.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti orúnkún, ẹ kó èyí tó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ìjì Maria ọdún 2017 ba ilé ìwòsàn erékùṣù náà jẹ́, àìsàn tó bá le, erékùṣù ńlá Puerto Rico ni wọ́n ń gbé e lọ. Iná wọn náà máa ń lọ, Màmá ò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ti ìjì ni kí ẹ má dààmú lé, oṣù Kẹfà sí Kọkànlá ni àsìkò rẹ̀.

Omi tó ń tàn lálẹ́ ló máa ya àwọn ọmọ yín lẹ́nu jù. Mosquito Bay ni wọ́n ń pè é. Àwọn ẹ̀dá wínníwínní kan tí ojú lásán ò lè rí ló kún inú rẹ̀, bí nǹkan bá sì ti rú omi náà, wọn a tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Bí ẹ bá ti ki àjẹ̀ bọ omi báyìí, iná á ṣẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹja tó bá sá lọ lábẹ́ ọkọ̀ á fa ìlà iná lẹ́yìn ara rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn wẹ̀ níbẹ̀, kayak, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, lẹ ó wọ̀. Òṣùpá ló ń ba adùn rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ mú kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí tí Màmá ń lò: ìparí oṣù tàbí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ọjọ́ kẹrìnlá. Kó má sì bọ́ sínú ààwẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà kí ẹ tó sanwó, torí àbíkẹ́yìn lè má bá wọn lọ. Òun àti Màmá á jọ sùn sílé, kò sí aburú níbẹ̀.

Ọ̀sán Saturday ni ti Màmá. Ẹ wà wọ́n lọ síbi igi àràbà ńlá tó wà níbẹ̀, wọ́n ní ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Mọ́tò ń dé tòsí rẹ̀. Ìyá mi fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ tó yọ síta bí ògiri, wọ́n bi mí pé àwọn wo ló ń bọ ọ́. Mo ní kò sẹ́ni tó ń bọ ọ́. Wọn ò gbà mí gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ́ ẹní fún wọn sábẹ́ ibòji ní Sun Bay, wọ́n lè kírun níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò dá wọn lẹ́kun. Ẹ má tún fi nǹkan míì kún ọjọ́ náà, kódà bí wọ́n bá ní Culebra, erékùṣù kékeré míì, wà nítòsí.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn ọmọ: àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà fi bọ́ǹbù dánra wò lápá ìlà-oòrùn erékùṣù yìí títí di 2003, àwọn ibì kan ṣì wà ní títì nítorí èyí tí kò bú. Ibi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé kí wọ́n má wọ̀, kí wọ́n má wọ̀ ọ́, kí wọ́n má sì ṣa irin kankan nílẹ̀.

Bí Màmá bá ra máńgòrò, kí wọ́n jẹ ẹ́ tán síbẹ̀. Wọ́n máa ń yẹ ẹrù wò fún èso ní San Juan kéèyàn tó wọ bàálù padà, wọn ó sì gbà á. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ kọ́kọ́ bi Màmá bóyá wọ́n fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi ọjọ́ ránṣẹ́ sí mi, màá sọ òpópónà tá a gbé fún yín.

Ìyá Ìbejì, ọmọ Òmù-Àrán, Atlanta