Yàrá wo ni oògùn wọ̀?

Ìbéèrè: Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni mo ní ní Mayfair, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí, akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn ayálégbé mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti fín oògùn ìdun lọ́dún yìí. Ọ̀kan nínú wọn wá ń sọ pé òun ò rí kí wọ́n fín yàrá òun rí. Rìsíìtì owó nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Kí ló yẹ kí n máa kọ sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà, mà. Rìsíìtì yín sọ iye tẹ́ ẹ ná, kò sọ yàrá tí oògùn wọ̀. Ẹ ra ìwé kan, kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Báyìí ni kó rí:

"12/3, Yàrá 5. Ìdun lójú rírán fóòmù, àmì dúdú bí ojú bírò lára ògiri. Cypermethrin la fín. Aago 9 àárọ̀ la fín in, wọ́n wọlé ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. A ó padà wá 26/3."

Kí ayálégbé buwọ́ lù ú.

Bí yàrá kan bá wà ní títì lọ́jọ́ náà, ẹ kọ ọ́ gbàǹgbà: "A ò wọlé." Ìlà yẹn ni èmi máa ń kọ́kọ́ wá nínú ìwé onílé, torí ìdun máa ń gba ihò wáyà àti ojú ibi tí ògiri ti sán bọ́ sí yàrá kejì. Yàrá tá a fò ló máa kó o ran àwọn tó kù.

Ọjọ́ ìpadàwá náà ṣe pàtàkì gan-an. Ọ̀pọ̀ oògùn ń pa ìdun, ẹyin rẹ̀ á ṣẹ́ kù, á sì di ọmọ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 6 sí 10. Ìdí nìyẹn tá a fi ń padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá jẹ́ oṣù mẹ́rin mẹ́rin lẹ ń pe afínoògùn, ọmọ ìdun ti dàgbà, òun náà ti yé.

Orúkọ oògùn tẹ́ ẹ máa kọ ni ti kẹ́míkà inú rẹ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ sára igò, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC. Igò lè yàtọ̀, kí kẹ́míkà inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà tó ti mọ́ ìdun yín lára. Ẹ fi fóònù ya igò náà. Wákàtí tí wọ́n ní kí èèyàn tó wọlé wà lára rẹ̀; ẹ má fojú kéré rẹ̀, pàápàá bí ẹnìkan nínú ilé bá ní ikọ́ fée.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ yín, ẹ má fi ọjọ́ tẹ́ ẹ ò rántí dáadáa kún ìwé náà. Ẹ yẹ yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí, kí òun fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí fóòmù rẹ̀ padà.