Ṣé bátìrì mi ti bàjẹ́ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bátìrì olómi kan ló wà lábẹ́ inverter mi, 12 volt, 200Ah. Nígbà tó jẹ́ fáànù àti gílóòbù nìkan, nǹkan bíi 100 wáàtì, ó máa ń tó wákàtì 12. Mo fi tẹlifíṣọ̀n ńlá tó ń jẹ 100 wáàtì kún un, ló bá já sí wákàtì 6. Irú bátìrì yìí náà ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò. 300 wáàtì lòun ń lò tẹ́lẹ̀, òun náà fi 100 kún un, wákàtì kan péré ló dín. Ṣé kì í ṣe gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún mi?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ìṣirò kan náà ló mú ẹ̀yin méjèèjì. 12 volt lọ́nà 200Ah jẹ́ 2,400 wáàtì-wákàtì, ìyẹn gbogbo agbára iná inú bátìrì yín, àmọ́ ìdajì rẹ̀ là ń fà nínú bátìrì olómi kó má baà tètè kú. Ó ku 1,200. Ẹ pín in sí iye wáàtì tí ẹ ń lò: 100 wáàtì á lo wákàtì 12; 200, wákàtì 6; 300, wákàtì 4; 400, wákàtì 3. 100 tiyín sọ ẹrù yín, ìyẹn iye wáàtì tí ẹ ń lò, di ìlọ́po méjì, ló ṣe gé àkókò sí méjì. Ìdá kan nínú mẹ́ta ẹrù ẹ̀gbọ́n yín ni 100 tiẹ̀, ló ṣe jẹ́ pé láti wákàtì 4 sí 3 péré ni tiẹ̀ já.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ọ̀kan ń pọ̀ tí èkejì ń dín ló rí báyìí. Bí ẹ bá mú ₦5,000 lọ sọ́jà, ₦1,000 tí ẹ kọ́kọ́ ná àti èyí tí ẹ ná kẹ́yìn, bákan náà ni wọ́n ṣe ń dín owó ọwọ́ yín kù. Ìyọkúrò nìyẹn. Ti bátìrì, ìpín ni: ẹ mú wáàtì lọ́nà wákàtì níbikíbi lókè yẹn, 1,200 náà ni.

Lórí iṣẹ́ ṣá, kì í gún régé bẹ́ẹ̀. Bí a bá di ẹrù wúwo ru bátìrì olómi, kì í lè gbé gbogbo agbára inú rẹ̀ jáde: 600 wáàtì kì í sábà pé wákàtì 2. Bátìrì lithium kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Inverter fúnra rẹ̀ sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀, torí náà ẹ má retí pé gílóòbù 5 wáàtì á tàn fún ọjọ́ 10.

Bí NEPA bá mú iná lọ ní aago 9 alẹ́, ẹ wo tẹlifíṣọ̀n yín di aago 12, ẹ wá pa á. 600 ló ti lọ yẹn. 600 tó kù á gbé fáànù àti gílóòbù dé nǹkan bí aago 6 àárọ̀.